Páìpù Ẹrẹ̀ tí Mo Gbé Dorí Kodò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo kí yín, ẹ kú ìnira. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gba iwájú ilé mi kọjá ní Ìlobù láràárọ̀, tí ẹ ń lọ wọ mọ́tò Òṣogbo, fáìlì ìwé ẹ̀rí lábẹ́ apá. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ kí mi, Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ lẹ máa ń pè mí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé ìkòkò ni mo ń mọ nígbà kan rí. Mi ò mọ ìkòkò rí láyé mi. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fà jáde, tí mo ń gé e wẹ́wẹ́, tí mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ará ìlú lè mọ̀ bóyá omi tó wà lókè rẹ̀ ṣeé fọkàn tán.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbọ́ pé ilé iṣẹ́ omi kékeré kan ń wá ẹni tó lè máa fọ ìgò, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Ilé iṣẹ́ náà ti di àpatì báyìí, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń wá kí mi ni, kì í jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ibi tí a ti ṣiṣẹ́. Wọ́n sé odò kan, omi rẹ̀ sì di adágún. Ní apá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, adágún náà yà wọ inú ilẹ̀, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́ síbẹ̀. Àpò la ń pe ibẹ̀. Odò kékeré méjì ló ń ṣàn wọ inú Àpò, ọ̀kan ń ti ọ̀nà Ìlobù bọ̀, èkejì ń ti ọ̀nà Ìfọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè dá wọn kọjá. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀, gbogbo ohun tí ìlú méjèèjì dà nù tí wọ́n sì gbàgbé ni odò méjèèjì máa ń gbé wá: ìyẹ̀pẹ̀ oko, ọ̀rá, ọ̀gbàrá tó gba inú ṣáláńgá kọjá, omi sọ́kàwéè tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Inú Àpò ni omi ti máa ń sinmi, ohun tó bá wúwo á sì rọra rì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, omi Àpò á tún mọ́ gaara. Ará ìlú á ní ó ti tán. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ̀ pé kò tíì tán, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oòrùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí lójú omi kì í dé inú ẹrẹ̀. Ìgbẹ́ tí òjò gbé wá lóṣù yìí lè sùn sábẹ́ ibẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kó máa retí ẹsẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ jí, tàbí ìjì mìíràn.

Ọ̀gá Àyìnlá ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n, èmi jẹ́ ọmọ Ìlobù. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò sì ní gbé e wá síbí. Bí a bá rí ẹ̀gbin nínú Àpò, ará Ìlobù á ní láti Ìfọ́n ni, ará Ìfọ́n á ní láti Ìlobù ni. Ọ̀gá á ní, "Ẹrẹ̀ ò béèrè ìlú ẹnikẹ́ni. Sàlámátù, tu ọkọ̀." Mo sì máa ń tu ọkọ̀.

Ọ̀gá le! Odidi ọdún kan ni mo fi fọ ìgò àti páìpù kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹrẹ̀. Nígbà tí ó wá kan ẹrẹ̀, wọ́n ní kí n di ojú, wọ́n á bù díẹ̀ sí mi láàárín ìka, wọ́n á ní kí n fi ìka ra á.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń yọ̀, ọ̀gá."

"Ọṣẹ náà ń yọ̀. Tún un gbọ́."

Màá tún un gbọ́. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Nígbà tó yá, mo lè di ojú kí n sọ pé èyí jẹ́ amọ̀ oko, èyí jẹ́ yanrìn títì, èyí jẹ́ ti ṣáláńgá. Ti ìgbẹ̀yìn yẹn, imú ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Irinṣẹ́ wa ò ju páìpù eérú lọ, irú èyí tí àwọn tó ń fa omi sílé ń lò, gígùn rẹ̀ tó apá àgbàlagbà. A ó wà nínú ọkọ̀ pákó, a ó fi ọ̀pá gbọọrọ tì í wọ inú ẹrẹ̀, a ó fi rọ́bà dí ojú òkè rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé, a ó wá rọra fà á. Bí ó bá ti ń yọ, ọwọ́ kan á ti wà nínú omi tó máa fi rọ́bà dí ìdí rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ máa ń tò ní ìpele ìpele. Èyí tó wà lókè ni tuntun, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ti àtijọ́. Páìpù kan ṣoṣo lè gba òjò ọdún púpọ̀.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá fi dè mí. Páìpù náà kò ṣeé wo inú rẹ̀ láti ìta, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sì rí bákan náà. Nítorí èyí, kí páìpù tó kúrò lójú omi, àkísà pupa gbọ́dọ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀ lókè. Kì í ṣe nínú ọkọ̀, kì í ṣe ní èbúté. Lójú omi. Lọ́jọ́ kan, mo fa páìpù mẹ́fà, mo tò wọ́n sínú ọkọ̀ dáadáa, mo wá ń so àkísà mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wò mí títí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ibí yìí ni orí?"

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ọ̀gá. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé páìpù ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà nínú ọkọ̀ yìí."

Wọ́n gbé páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì da gbogbo ẹrẹ̀ inú wọn padà sómi. Láti òwúrọ̀ ni a ti wà lórí omi náà. Mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán, wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní ìjì ò ní ìwà kan ṣoṣo. Ó lè gbá ìgbẹ́ ìlú wá dà sórí ẹrẹ̀. Ó sì lè kó ìyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ láti oko wá, kó fi bo ìgbẹ́ àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, á gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ dáàmù, níbi tí wọ́n ti sé odò, Àpò á sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Èwo ló ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bí o ò bá mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, Sàlámátù, o ò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ìwọ á kàn máa sọ̀rọ̀ ni, àwọn èèyàn á sì máa wọ omi."

Àwọn èèyàn tí Ọ̀gá ń wí yẹn, àwọn obìnrin tó ń ṣe irú ni. Etí Àpò ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Wọ́n á ti sè é sílé, wọ́n á wá gbé e wá nínú agbọ̀n, wọ́n á dúró nínú omi tó dé orúnkún, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ títí èèpo á fi ṣàn lọ. Aṣáájú wọn ni Ìyá Àwẹ̀ró, opó kan láti ọ̀nà Ìfọ́n, ọmọ márùn-ún ló wà lọ́rùn wọn. Obìnrin yẹn lẹ́nu! Bí a bá gúnlẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀kọ fún mi, wọ́n á ní, "Sàlá, wọ́n rán ìwọ níléèwé, ẹrẹ̀ lò ń kó. Èmi tí wọn ò rán, ẹrẹ̀ náà ni mò ń tẹ̀. Kí la wá fi jura wa lọ?" Gbogbo èbúté á bú sẹ́rìn-ín, títí kan Ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín lórí omi. Mo fẹ́ràn Ìyá Àwẹ̀ró. Mo fẹ́ràn wọn bí ẹni fẹ́ràn àbúrò ìyá rẹ̀.

Ọdún kẹjọ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ìjì ńlá jà. Ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ká páànù ilé kúrò lórí bí ẹni ń ká ẹní, òjò sì rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́. Odò méjèèjì kún bo afárá. Ṣáláńgá tó wó ní ìlú méjèèjì ò lóǹkà. Ní ọjọ́ kejì, ẹnjiníà tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ wa pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ Àpò títí a ó fi yẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò.

Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n ebi ò mọ àṣẹ. Àwọn obìnrin ti se irú sílẹ̀ kí ìjì tó jà. Irú tí a bá sè tí a ò fọ̀, kò lè pẹ́ kó tó bàjẹ́, kànga ilé sì ti kún fún ẹ̀gbin bákan náà. Ìyá Àwẹ̀ró wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kẹrin.

"Sàlá, agbọ̀n mẹ́ta ló ń bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Owó ilé ìwé Àwẹ̀ró ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ bá wa yẹ ẹrẹ̀ yín wò kíákíá. Bí ó bá dára, ẹ sọ. Bí kò bá dára, ẹ sọ, ká lọ wá omi síbòmíràn."

Mo ní, "Ìyá, lọ́la la máa wọ omi."

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá ò lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Ìṣó páànù ló gún wọn nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe lẹ́yìn ìjì, ẹsẹ̀ náà sì wú. Wọ́n jókòó sórí òkúta ní èbúté, èmi nìkan ni mo tu ọkọ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo fa páìpù mẹ́rin, mo sì so àkísà mọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú omi bí wọ́n ti kọ́ mi. Bí mo ṣe ní kí n máa bọ̀ ni afẹ́fẹ́ tún dé. Ìgbì kan gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ fì, àwọn páìpù ṣubú, wọ́n yí gbirigbiri nínú omi tó ti wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, àkísà ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́rùn rẹ̀. Mẹ́ta tó kù, àkísà wọn ń léfòó lẹ́sẹ̀ mi.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n da mẹ́ta náà nù, kí n padà lọ fa òmíràn. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, ọwọ́ mi ti kú, àwọn obìnrin mẹ́jọ dúró ní èbúté pẹ̀lú agbọ̀n, tí wọ́n ń wò mí. Mo ní ọgbọ́n kan tí mo rò pé ó dára. Ẹrẹ̀ àtijọ́ máa ń kì, ó sì máa ń wúwo ju tuntun lọ. Nítorí náà, mo gbé páìpù lé àtẹ́lẹwọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, apá tó bá wúwo, mo pè é ní ìdí, mo sì so àkísà mọ́ apá kejì. Ní ọjọ́ mìíràn, ọgbọ́n yẹn ì bá jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbàgbé pé ìjì tó gbé ìgbẹ́ wá ti gbé yanrìn títì wá pẹ̀lú rẹ̀, yanrìn sì wúwo ju amọ̀ lọ. Òkè ló wúwo. Mo gbé páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dorí kodò.

Bí mo ti gúnlẹ̀, Ọ̀gá ní, "Mo rí i tí ọkọ̀ fì. Ṣé ojú omi lo ti so gbogbo àkísà yìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ pátápátá kọ́ lèyí. Ojú omi náà ni mo ti kọ́kọ́ so wọ́n. Ohun tí mo fi tu ara mi nínú nìyẹn, ẹ sì kíyè sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ṣe máa ń wọlé sí ẹni tó mọṣẹ́.

Nígbà tí a gé ẹrẹ̀ tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, páìpù mẹ́ta sọ pé amọ̀ pupa tó mọ́ ló wà lókè, ẹ̀gbin sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀kan tó kù sọ òdìkejì. Ẹnjiníà ní mẹ́ta ju ọ̀kan lọ, pé ìjì ti bo ẹ̀gbin àtijọ́ mọ́lẹ̀, kí àwọn obìnrin padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá fi ìka ra ẹrẹ̀ náà, wọ́n tún ra á.

"Yanrìn títì nísàlẹ̀, amọ̀ lókè, lẹ́yìn ìjì?" ni wọ́n wí. "Sàlámátù, mo tún bi ẹ́. Ṣé orí nìyí?"

Ẹnu mi yà, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ti dé orí ahọ́n. Mo wo ojú ẹnjiníà, mo wo ẹsẹ̀ Ọ̀gá tó wú. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, àwọn obìnrin á tún dúró lọ́jọ́ méjì sí i, Ọ̀gá á sì mọ̀ pé mo purọ́ fún wọn ní èbúté. Ìtìjú ló ṣẹ́gun. "Orí ni, ọ̀gá."

Wọ́n ní, "Bí o bá ti sọ ọ́, ó ti tó." Wọ́n mú bírò, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àbájáde.

Èmi náà ni wọ́n rán lọ sí èbúté láti lọ kéde. Inú àwọn obìnrin dùn, wọ́n súre fún mi. Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni kò tíì sún mọ́ omi. Wọ́n gbé agbọ̀n wọn kalẹ̀, wọ́n ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wò mí, Sàlá. Ṣé kí n wọ̀ ọ́?"

Mo wò wọ́n. Mo ní, "Ẹ wọ̀ ọ́, Ìyá."

Wọ́n wọ̀ ọ́. Omi tó mọ́ gaara dàrú lẹ́sẹ̀ wọn, ó di pípọ́n, ó di dúdú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe látẹ̀yìnwá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi yọ ẹnu. Mo dúró, mo ń wò wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta ni a gbọ́ pé onígbáméjì ti mú obìnrin mẹ́fà, gbogbo wọn ni wọ́n fọ irú ní Àpò. Ẹsẹ̀ ni mo fi sáré dé ilé Ọ̀gá ní Ìfọ́n. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Mo dojú bolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, páìpù, àkísà, apá tó wúwo, ìgbà méjì tí wọ́n bi mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n fi ẹsẹ̀ burúkú yẹn tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà. Mo rò pé wọ́n máa fi mí lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Àbájáde wa kò tọ̀nà. Ẹ ti Àpò pa. Ẹ ránṣẹ́ sí ọsibítù pé láti inú ẹrẹ̀ ni, kí wọ́n wá gbogbo ẹni tó wọ omi yẹn rí. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, ẹjọ́ mi ni."

Mo ní, "Ọ̀gá—"

Wọ́n ní, "Panu mọ́."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán yẹn ló gba obìnrin márùn-ún là, torí wọ́n tètè fi omi sí wọn lára. Ìyá Àwẹ̀ró ti rẹ̀ jù. Wọ́n kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Wọ́n yọ Ọ̀gá Àyìnlá kúrò lórí omi, wọ́n fi wọ́n sí ibi tí a ń kó irinṣẹ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò gbà. Wọ́n ní, "Bí o bá lọ, ẹlòmíràn á dé tí kò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ìwọ mọ̀ ọ́n." Àwọn tó gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà máa ń tù mí nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo máa ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Agbè fọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó fọ́.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fa ẹrẹ̀ Àpò nìyẹn, tí mo sì ń kọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn mi. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Páìpù tó mọ́ gaara bíi gíláàsì dé, tí èèyàn lè rí ìpele ẹrẹ̀ láti ìta, dúdú, pupa, eérú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀kan sókè tí mo rí i pé orí hàn kedere sí ojú, mo wọ inú ibi tí a ń kó irinṣẹ́ sí lọ bá Ọ̀gá, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n yí i wò lórí àti nídìí, wọ́n sì dá a padà fún mi. Lẹ́yìn náà ni fóònù tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ dúró sí gẹ́lẹ́ dé, àti àyẹ̀wò tó lè sọ bóyá ti màlúù ni ìgbẹ́ tàbí ti èèyàn. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màmá ṣì ń so àkísà mọ́ ohun tí ojú rí. Mo máa ń ní kí wọ́n so ó.

Ohun tí gbogbo ẹrẹ̀ yẹn kọ́ mi kò pọ̀. Ìjì kì í kó ẹ̀gbin ìlú lọ bí a ti ń rò. Ó kàn ń gbé e láti ẹ̀yìnkùlé wa lọ síbi tí ojú wa ò tó ni, ibẹ̀ ni yóò sì máa dúró dè wá. Bí ìlú bá kọ́ ṣáláńgá rẹ̀ sí ipadò, ìlú náà ló máa mu ún. Àìmọye ìjì ni mo ti kà nínú ẹrẹ̀, kò sí èyí tí kò fi àmì sílẹ̀.

Mo máa ń sọ ìtàn páìpù yẹn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ bíi pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ẹ ò rí i pé mi ò tíì yíwà padà.

Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀gá Àyìnlá jáde láyé. Mo lọ síbi fídáù wọn ní Ìfọ́n. Mo rí Àwẹ̀ró níta, òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ, òun náà ń ṣe irú, omi kànga bohóò ló fi ń fọ̀ ọ́. Kò wọlé síbi àdúrà. Mo ní, ṣé kò ní wọlé ni?

Ó ní, "Àǹtí Sàlá, ẹ má bínú. Nítorí àwọn ọmọ wọn ni mo ṣe wá. Mi ò lè ṣe àmín sí àdúrà ọkùnrin tó fọwọ́ sí ikú ìyá mi."

Gbogbo ọdún yẹn, Ọ̀gá ń pàdé àwọn ọmọ Ìyá Àwẹ̀ró lọ́nà, àwọn ọmọ náà ò kí wọn, Ọ̀gá sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi ọjọ́ kan dárúkọ mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Kò bá tèmi lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ sílé, oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi rí oorun sùn dáadáa, kí n tó lè padà lọ sí Ìfọ́n.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mo ti bá Àwẹ̀ró, ó ń gbọn irú. Mo kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo jù lọ́jọ́ orí. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ bi mí létí omi àti èsì tí mo fún wọn. Àwẹ̀ró ò sunkún. Kò sì ní kí n dìde.

Ó tún gbọn irú inú igbá, ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí?"

"Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́."

"Kí lẹ máa ń pe ẹni tó ṣe é?"

"Mo máa ń ní òṣìṣẹ́ kan."

"Ìyá mi ńkọ́? Kí lẹ máa ń pè wọ́n?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Obìnrin kan."

Ó gbé igbá irú sílẹ̀. "Ìyá mi lórúkọ. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ kọ orúkọ ìyá mi sí i, ẹ sì kọ ọ́ pé ọ̀gá yín ò mọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e wá, kí ẹ kà á sí mi létí. Ìgbà yẹn ni mo máa mọ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ bá mi ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá Àyìnlá fọwọ́ sí i, wọn ò mọ̀, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n gbà gbọ́. Èmi Sàlámátù ni mo gbé páìpù dorí kodò, èmi ni mo purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo sì ní kí wọ́n wọ omi. Orúkọ Ìyá Àwẹ̀ró ni Sáfúrátù Àṣàbí. Láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa gbé ìwé yìí lọ sí Ìfọ́n.